Ìyá Àgbà àti Páàsì Bọ́sẹ̀

Akọ̀wé ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún mi ní abala ìwé mẹ́rin. Ó ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí nípa Ìyá Àgbà, kí òun lè kà á sétí ìjọ ní ogójì ọjọ́ wọn.

"Ìwọ lo kàwé dé sẹ́kọ́ńdírì nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn," ló wí. "Sọ bí wọ́n ṣe mọ owó ṣọ́ ná fún wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìyá Olóbì, ìyá àgbà yín, kì í fi owó ṣòfò lórí ọkọ̀."

Mo gba ìwé náà, mo sì dúpẹ́. Nígbà tí mo délé, mo jókòó tì í títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Ohun tí akọ̀wé ń pè ní ṣíṣọ́ owó ná yẹn, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Èmi ni wọ́n fi ṣe é. Ó ń rí mi lára nígbà náà, ó sì ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

N kò ní kọ ọdún tí wọ́n bí Ìyá Àgbà, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fojú rí ni màá kọ, àti ohun tí mo gbọ́ láti ẹnu wọn. Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé ni wọ́n máa ń sọ. Mo yí i sí Yorùbá tí a fi ń kọ̀wé kí ó lè yé gbogbo èèyàn, àmọ́ n kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Obìnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Obì ti pa ìka wọn láró, ó pọ́n bíi ìpẹtà ìkòkò, ọṣẹ kankan kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Obì gbànja ni wọ́n ń tà. Wọ́n á rà á lóko láyìíká Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n á fi ewé wé e sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e gba inú lọ́rì dé Ìbàdàn, láti ibẹ̀ wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kano. Lábẹ́ ìró wọn ni wọ́n máa ń so àpò aṣọ kan mọ́, ìwé ló sì wà nínú rẹ̀: àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kò san owó rẹ̀ pé. Wọn kò mọ ìwé kà, síbẹ̀ wọ́n mọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n á máa tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. "Eléyìí, ààbọ̀. Eléyìí, ààbọ̀. Eléyìí, òfo!"

Mákún-Omi ni wọ́n ti bí wọn. Bàbá wọn ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé èrò ọjà, bàbá náà kì í sì gba owó lọ́wọ́ ẹbí. Bí èèyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté ló ti ń ka ìran sókè: ìyá tó bí ìyá mi àti ìyá tó bí bàbá rẹ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bàbá á ní kó wọlé. Ìyá Àgbà, tí wọ́n kéré nígbà náà, á jókòó sí ìdí ọkọ̀, wọ́n á máa fi igbá gbọ́n omi dànù, wọ́n á sì máa gbọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń di ẹbí. Nígbà tí pákó ọkọ̀ náà jẹrà, kò sí owó láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá wọn di ẹni tó ń bá ẹlòmíràn pẹja títí ó fi kú.

Èmi tí mo gbọ́ ìtàn yìí rò pé ohun tó kọ́ wọn ni pé ẹbí tí kì í sanwó ló ri bàbá wọn. Ohun mìíràn pátápátá ni wọ́n gbé kúrò létí omi. Wọ́n gbà pé òmùgọ̀ àti àjèjì nìkan ló ń san owó ọkọ̀. Mo rántí ọjọ́ kan ní Orù, tí lọ́rì ti kún, tí awakọ̀ ń gba owó.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Ìlápòrú ni, Ìyá. Ẹ sanwó."

"Ìlápòrú! Ah, èmi ni mo jókòó ti ìyá rẹ lọ́jọ́ tó bí ẹ. Èmi ni mo gbé ẹ wẹ̀."

"Ìyá mi ṣì wà láyé, Ìyá. Tí a bá délé, màá bi wọ́n."

"Má bi wọ́n," ni Ìyá Àgbà dáhùn láìrẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gbàgbé."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba ààbọ̀ owó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méje ni mí, n kò tíì mọ̀ pé ibi tí ẹ̀rín bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń múra fún irọ́ mìíràn. Nígbà tí a jókòó, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ kì í sanwó."

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá tó mi á rántí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ wọlé ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí orí, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Ìyá Àgbà fi fa ọwọ́ mi. Mo kan etí, wọ́n sì gbà mí. Nígbà tí ìsinmi dé, a lọ sí Kano. Ọmọ kékeré tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ kì í san nǹkan kan, Ìyá Àgbà sì ti sọ fún olùyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì pé n kò tíì tó. Ọ̀gbẹ́ni náà wo ẹsẹ̀ mi tó gùn, ó ní, "Ó dáa. Gbé ọwọ́ ẹ kọjá orí."

Inú mi dùn, nítorí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbé e sókè. Bí mo ṣe fẹ́ kan etí báyìí ni Ìyá Àgbà fún mi ní èékánná nídìí, ó sì dùn mí débi pé mo ká ọwọ́ náà pọ̀. Ìka mi dúró sí àárín irun.

"Ẹ rí i?" ni wọ́n wí. "Ọmọ yìí ò tíì tó nǹkan kan."

Mo sunkún títí dé Òṣogbo, kì í ṣe nítorí èékánná. Ilé ẹ̀kọ́ ti sọ pé mo tó, Ìyá Àgbà sì sọ mí di ẹni tí kò tó lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n fún mi ní àkàrà. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tìẹ ni, ìwọ lo máa sọ ibi tó máa dé."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀dínwó ni mo kórìíra. Ẹ̀dínwó tòótọ́ wà lórí ọkọ̀ ojú irin, kò sì fara sin. Lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn, mo gbọ́ tí akọ̀wé kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà pé bí wọ́n bá ra ti àlọ àti ti àbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò dín sí rírà wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ṣé èmi nìkan lẹ ń sọ ọ́ fún?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

"Rárá o, Ìyá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ni."

"Ó dáa. Ẹ máa fún ẹnikẹ́ni."

Wọn kò rà á. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi lọ sí Kano, wọn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ rí. Nígbà tí mo wá wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní Abẹ́òkúta, ọ̀gá wa máa ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìsinmi fún àwa akẹ́kọ̀ọ́, a ó sì san ààbọ̀ láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ orí mi ló wà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè san owó tó kéré, kó sì wo ojú ẹni tó ń gbà á. Mo fi fọ́ọ̀mù náà han Ìyá Àgbà. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n bi mí bóyá mo purọ́ kankan kí n tó rí i gbà. Mo ní rárá. Wọ́n dá a padà fún mi bí ẹni dá oúnjẹ tí kò níyọ̀ padà. "Ohun tí gbogbo ayé ń rí gbà," ni wọ́n wí, "ẹ̀dínwó wo nìyẹn?"

Ohun tó mú kí ó nira láti kọ nípa wọn nìyí: olóòótọ́ ni wọ́n nídìí obì. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń ṣà á. Bí kòkòrò bá fi ẹnu kan obì kan péré, ìta ló ń lọ. Wọ́n bá obìnrin kan jà ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tí wọ́n jọ ń ra ọjà láti ìgbà ọmọge, nítorí pé ó fi obì kòkòrò sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Wọn kò kí obìnrin náà mọ́ títí ó fi kú. Bákan náà, nígbà tí ibà mú mi, orí itan wọn ni mo sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò sì lọ sọ́jà. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò dín ìríra mi kù. Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n mọ ohun tó dára yàtọ̀ sí ohun tó bàjẹ́, pé ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pé bí wọ́n bá ti dé ìdí ọkọ̀, wọ́n á fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ nílé.

Wọ́n tún máa ń gbàdúrà lé ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ náà lórí. Bí ìrìn àjò bá ku ọ̀la, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á tan àbẹ́là mẹ́ta, èmi á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo máa ń retí kí wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa kí ọkọ̀ má ṣubú, nítorí ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọn kì í dé ibẹ̀. Olùyẹ̀wò ni gbogbo àdúrà wọn máa ń lé kiri, láti Ìbàdàn títí dé Kano, ibùdókọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. "Olúwa," ni wọ́n máa ń wí, "bo ojú wọn."

Mo ti ń fi gbogbo èyí yí ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ká. Kí n wá sọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Olú, ọmọ àbúrò Ìyá Àgbà, jẹ́ akọ̀wé nídìí iṣẹ́ rélùwéè ní Ìbàdàn. Ìyàwó rẹ̀, tí èmi ń pè ní Màmá Ìbàdàn, bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo fún un, Bọ́sẹ̀. N kò rí Bọ́sẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyá rẹ̀ kò sì mọ orúkọ mi. Mo fi ọdún kan dàgbà jù ú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibà pa á láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ẹni tó ń pe Màmá Ìbàdàn ní Ìyá Bọ́sẹ̀ mọ́. Bí ilé wa ṣe máa ń ṣe é nìyẹn bí ọmọ bá kú: a ó gbé orúkọ náà kúrò lẹ́nu, kí etí ìyá rẹ̀ lè sinmi. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ pàápàá, orúkọ wọn kejì ni wọ́n fi ń pè wọ́n bí Màmá Ìbàdàn bá ń kọjá.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ní páàsì ọ̀fẹ́ fún ìdílé rẹ̀. Páàsì Bọ́sẹ̀ gba ọmọ náà àti obìnrin kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ́nà. Bọ̀ọ̀dá Olú kò lọ sọ ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n pa orúkọ ọmọ rẹ̀ rẹ́. N kò dá a lẹ́bi ìyẹn. Èmi náà jẹ́ òbí, n kò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe máa gbé mi dé irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà gbọ́ pé orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ìsìnkú kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí wọ́n lọ bá a ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú èmi dání. Màmá Ìbàdàn kò sí nílé. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń gbọ́.

"Ìwé yẹn kàn wà lásán ni, Olú."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mí. Ṣé obì ni mo ní kí o ra fún mi? Ìwé ni."

Bọ̀ọ̀dá Olú wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wọ yàrá, ó mú un wá, ó sì gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, wọ́n tún ọrùn aṣọ mi ṣe, wọ́n ní: "Láti ìsinsìnyí títí a ó fi dé Kano, Bọ́sẹ̀ lò ń jẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mọrẹ́nikẹ́ lorúkọ mi. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí mi.

Ìrìn àjò mẹ́rin la fi páàsì yẹn lọ láàárín ọdún méjì. Ọ́fíìsì ń sọ ọ́ di ọ̀tun lọ́dọọdún, Bọ̀ọ̀dá Olú sì ń gbé e kalẹ̀. Bí wọ́n bá pe Bọ́sẹ̀, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ "Mà" kíákíá. Lójú mi nígbà náà, ohun tó pa Bọ́sẹ̀ ṣì ń wá a kiri inú ọkọ̀, bí mo bá ti dáhùn, á mọ ibi tí mo jókòó sí. Mo máa ń fi ọwọ́ kan iwájú orí mi láti mọ̀ bóyá ó ti ń gbóná. Mo ṣì ń ṣe é. Ọwọ́ mi kì í kúrò ní iwájú orí ọmọ mi, àwọn èèyàn sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Páàsì ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn ò yẹ èèyàn wò."

Ìrìn àjò kẹrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ọ̀sán gangan ni, ní ibùdókọ̀ Ìbàdàn. Mo ti fà sẹ́yìn díẹ̀, mo ń wo bí ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe ń mu omi. Olùyẹ̀wò ti ṣí páàsì náà, ó ń wá ọmọ tí ìwé ń sọ. Ìyá Àgbà yíjú padà, wọ́n fi gbogbo ohùn wọn ké.

"Bọ́sẹ̀! Bọ́sẹ̀ o!"

"Mà! Mo ń bọ̀, mà!"

Abọ́ kan já lulẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá Ìbàdàn ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán bọ̀ fún ọkọ wọn. Wọn kò sáré. Wọ́n rìn wá bá mi, wọ́n gba àgbọ̀n mi mú, wọ́n sì gbé ojú mi sókè.

"Ta ló ń jẹ́ Bọ́sẹ̀?"

Mo wo Ìyá Àgbà. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láti ṣe ni kí wọ́n dákẹ́, tàbí kí wọ́n sunkún, tàbí kí wọ́n sá. Wọn kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ọmọ-ọmọ mi ni. Ọjọ́ Ìsinmi la bí i, a ní kó máa jẹ́ Bọ́sẹ̀."

"Ọjọ́ Ìsinmi," ni Màmá Ìbàdàn wí. Wọ́n kọjú sí olùyẹ̀wò, àfi bí ẹni pé ó bi wọ́n léèrè. "Èmi náà ní Bọ́sẹ̀ kan. Ó ti di ọdún méjì tó kú." Wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, láàárín ìrẹsì tó dànù, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n sì ń pè mí. Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀. Mo ń dá wọn lóhùn. Kí ni ǹ bá ti ṣe?

Olùyẹ̀wò wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ka orúkọ ọmọ, ó ka orúkọ bàbá. Ó mọ̀ pé ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Olú ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìwé yẹn tó láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Olú lọ́jọ́ náà. Ó ká a pọ̀, ó sì fi sí Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Méjì, owó pípé. Èmi ò rí ìwé kankan."

Wọ́n rà á. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀ffà, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀, mo sì rò pé ojú ló ń tì wọ́n. Mo ń dúró kí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní Ọ̀ffà, wọ́n mí kanlẹ̀. "Wò ó bí ẹkún obìnrin yẹn ṣe jẹ mí ní odindi tíkẹ́ẹ̀tì méjì."

Wọ́n tún un sọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, lójú àlejò, lẹ́yìn ìsìn, bí ẹni ń sọ ti olè tó jà wọ́n lólè.

Màmá Ìbàdàn gba irọ́ náà gbọ́, nítorí wọn kì í wá Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi gan-an. Kérésìmesì ọdún yẹn, wọ́n fi aṣọ kan ránṣẹ́ sí "Bọ́sẹ̀ mi kejì." Bọ̀ọ̀dá Olú fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, kò sì wo ojú mi. Ọdọọdún ni wọ́n ń rán an. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì, àpótí aṣọ ni. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, ìró àti ìborùn. Èmi náà kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, mo sì fi Bọ́sẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. N kò ní fi ìyẹn pamọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo sọ fún Ìyá Àgbà pé mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́. Ìgbà kejì, mo ti lóyún ọmọ mi. Wọ́n ń ṣa obì, wọn kò gbé orí sókè. "Ìwọ rí aṣọ gbà, òun rí ẹni máa pè. Ta ló pàdánù?"

Ọjọ́ ìsìnkú Ìyá Àgbà ni mo mọ ìdáhùn.

Ní àárọ̀, àwọn obìnrin ilé tú àpò aṣọ náà kalẹ̀, wọ́n ń fi àwọn tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín. Páàsì náà wà nínú wọn, ó ti pọ́n, ó ti ya lójú ìká. Ìyá Àgbà kò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn ní Ìbàdàn. Mo mú un, mo fi sínú báàgì mi.

Lẹ́yìn tí a ti sin wọ́n, Màmá Ìbàdàn wá bá mi lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti hewú. Wọ́n mú ìdì kan lọ́wọ́, wọ́n sì ń wo Tóyìn, ọmọ mi, tó pé ọdún márùn-ún, tó ń ṣeré lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

"Mo rán aṣọ kékeré kan fún un," ni wọ́n wí. "Bọ́sẹ̀, ìwọ ti dàgbà. Ojú ń ti ẹnu mi láti máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé wàá jẹ́ kí n máa pe eléyìí?" Wọ́n na ọwọ́ sí i. "Bọ́sẹ̀, wá."

Tóyìn, tí mo ti kọ́ pé kó máa dá àgbà lóhùn, la ẹnu.

Mo gbé e kúrò nílẹ̀ kí ohùn tó jáde. Mo gbá a mọ́ àyà débi pé ó ké. Ó yẹ kí n ti lo ọgbọ́n, kí n ti fi sùúrù sọ ọ́. N kò ní ọgbọ́n kankan lára lásìkò yẹn.

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí mi, Màmá," ni mo wí. "Mi ò jẹ́ Bọ́sẹ̀ rí. Páàsì ọmọ yín ni wọ́n fi ń gbé mi."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní ìdúró. Láti ibi tí a wà, a lè rí Bọ̀ọ̀dá Olú láàárín àwọn ọkùnrin, ó ń mu omi.

"Olú ló ń gbé e fún wọn?"

Wọ́n wo ọkọ wọn fún ìgbà pípẹ́.

"Kí ni orúkọ rẹ?" ni wọ́n wá bi mí.

"Mọrẹ́nikẹ́."

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ oúnjẹ wò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n fi ìwé náà han àwọn. Mo yọ ọ́, mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọn kò mọ̀wé kà, nítorí náà mo mú ìka wọn, mo fi lé orí orúkọ náà. Kò sí ìwé mìíràn láyé tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sí. Ó kú kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ìka wọn lọ síwájú díẹ̀.

"Kí lèyí tó tẹ̀ lé e?"

"Ọjọ́ orí rẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n máa ń fi kún un lọ́dọọdún. Mẹ́wàá."

Wọn kò gbé ìka kúrò.

"Ó pé mẹ́wàá níbí," ni wọ́n wí.

Mo ti kọ abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún, mo tún ti fi tèmi lé e. Kí akọ̀wé kà á bí mo ṣe kọ ọ́, tàbí kó má kà á rárá. Màmá Ìbàdàn ti gbà kí n kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, wọ́n fi aṣọ kékeré náà wé páàsì yẹn, wọ́n so ó mọ́ inú ìró wọn, wọ́n sì dá nìkan lọ wọ lọ́rì Ìbàdàn. Mo sìn wọ́n dé ọ̀nà. Awakọ̀ bi wọ́n bóyá ẹnìkan ń bá wọn lọ, wọ́n ní rárá, wọ́n sì san owó wọn pé.